Àjèjì inú pápá: àkọsílẹ̀ koríko ilé kan ní Gbàgádà

Ilé tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ wà ní Gbàgádà, ní apá ibi tí ilẹ̀ ti rẹlẹ̀ lọ sí ọ̀nà kànáàlì. Ìyá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ló ni ín. Iwájú ilé ni pápá koríko wà, ó fẹ̀ tó ibi tí ọkọ̀ mẹ́fà lè dúró sí, koríko kápẹ́ẹ̀tì ni wọ́n sì gbìn síbẹ̀ láti ìgbà tí bàbá ilé ṣì wà láyé. Axonopus compressus ni àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é: eléwé fífẹ̀ tó máa ń rá mọ́lẹ̀, tó sì lè gbé lábẹ́ ìbòòji igi. Òun ló wọ́pọ̀ jù ní àwọn ilé Èkó, nítorí òjò wa tẹ́ ẹ lọ́rùn, kì í sì í yọni lẹ́nu púpọ̀.

Iṣẹ́ ọgbà ni mò ń ṣe. Àwọn tí a jọ ń ṣe é ni mo kọ èyí fún, àti ẹnikẹ́ni tó bá ní koríko níwájú ilé tó ń dùn ún pé ó ń bàjẹ́. Gbogbo ohun tí wọ́n ti ṣe sí pápá náà kí wọ́n tó pè mí ni a máa ń ṣe káàkiri Èkó, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló sì ní ìdí tí kò fi ṣiṣẹ́. Ìdí yẹn gan-an ló ká mi lára.

Ohun méjì ló ti ṣẹlẹ̀ sí ilẹ̀ náà. Èkíní, wọ́n tún títì iwájú ilé ṣe, wọ́n kó yanrìn sí i, wọ́n sì to íńtálọ́ọ̀kù lé e, títì wá ga ju inú ọgbà lọ. Bí òjò bá ti rọ̀, omi títì á gba abẹ́ géètì wọlé, á lọ dárogún sí ẹ̀gbẹ́ ògiri ọwọ́ ọ̀tún. Ẹ̀ẹ̀kejì, wọ́n ṣe ọjọ́ ìbí ńlá fún ìyá náà. Wọ́n ta kánópì sórí koríko, wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀ lé e, àwọn olóúnjẹ náà dáná sí igun kan. Láti ọjọ́ náà ni àwọn ọmọ àti àlejò ti sọ ẹ̀gbẹ́ géètì di ibi ìgbọ́kọ̀sí, nítorí kò sí àyè mọ́ ní títì.

Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bẹ̀rẹ̀, pápá kò dọ́gba mọ́. Apá kan pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, apá kan ní àwọ̀ ewé tó ń dán, apá kan sì wà tó jẹ́ pé bí wọ́n bá gé e lónìí, kí ọjọ́ mẹ́ta tó pé, á ti ga ju ìyókù lọ. Mọ́mì sọ fún mi lẹ́yìn náà pé, “Mo dúró ní fèrèsé, mo wò ó, mo ní koríko tí ọkọ mi gbìn kọ́ nìyí.” Òótọ́ ni wọ́n sọ, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó bi wọ́n pé èwo wá ni.

Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe

Ọkùnrin kan ló máa ń wá bá wọn gé koríko, èèyàn jẹ́jẹ́ ni, kì í pa iṣẹ́ jẹ. Nígbà tí Mọ́mì sọ̀rọ̀ náà fún un, ó rẹ mówà rẹ̀ sílẹ̀ pátápátá, ó gé gbogbo rẹ̀ kanlẹ̀. Èrò rẹ̀ ni pé ohun tí a bá gé dé ìdí kò ní lè yọ orí mọ́. Ṣùgbọ́n koríko kápẹ́ẹ̀tì ló fara gbá a. Bí a bá gé e rẹlẹ̀ jù, ewé tó fi ń wá oúnjẹ á kù díẹ̀, ilẹ̀ á hàn síta, oòrùn á sì kàn án. Irúgbìn èpò tó ti ń sùn lábẹ́ sì ń wá ìmọ́lẹ̀ ni. Gbági, èpò ẹbí koríko kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì, ní tirẹ̀ máa ń tẹ́ra mọ́lẹ̀ bí a bá ń gé e lemọ́lemọ́, abẹ mówà á kọjá lórí rẹ̀ láì bà á. Mówà yìí kan náà ló tún ń kó irúgbìn sábẹ́ ikùn rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ géètì lọ sí àárín pápá.

Wọ́n fọwọ́ fà á. Àwọn ọmọ-ọmọ Mọ́mì fi ìsinmi ilé-ìwé ṣe é, wọ́n kó èpò tó kún bàrò. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ̀gbẹ́ ògiri tún ti kún, ó tiẹ̀ wá ṣù ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ọmọ wọn ọkùnrin wá ra òògùn ìpakoríko. Èyí àkọ́kọ́ tí wọ́n tà fún un ni 2,4-D, tí àwọn àgbẹ̀ ń fọ́n sí oko àgbàdo. Ó ṣiṣẹ́ tirẹ̀ dáadáa: pàtánmọ́ kú, igbálóde kú, gbogbo eléwé gbàràgàdà tó wà láàárín koríko ló rọ. Ṣùgbọ́n ohun tó ń ba Mọ́mì nínú jẹ́ kò mira. Òògùn yìí kì í pa koríko, ìdí sì nìyẹn tí àgbàdo, tí òun náà jẹ́ ẹbí koríko, fi ń là á já. Owó òògùn náà lọ nítorí pé ẹni tó rà á kò mọ irú ohun tó fẹ́ pa.

Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n lo glyphosate. Ní ibi tí wọ́n bá ti rí i pé àwọ̀ koríko yàtọ̀, wọ́n fọ́n ọn síbẹ̀. Èyí kì í yan ẹni tó máa pa, àtèpò àtọ̀rẹ́ ló gbẹ. Pápá wá ní ojú ihò káàkiri. Ní ẹ̀gbẹ́ ògiri, ohun tó kọ́kọ́ padà hù nínú ihò náà ni èpò tí wọ́n torí rẹ̀ fọ́n òògùn. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì, gbági tó ti gbó kàn pọ́n létí ewé ni, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Nípa gbági, ó yẹ kí gbogbo oníṣẹ́ ọgbà mọ̀ pé ní 1997 ni wọ́n ti jábọ̀ láti Malaysia pé irú rẹ̀ kan ti wà tí glyphosate kò ràn mọ́. Mi ò sọ pé ti Gbàgádà ti dà bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo rí ni pé wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó fọ́n ọn, ó ti gbó, ó sì ti gbin ara rẹ̀.

Ẹnì kan tún fi paraquat lọ̀ wọ́n, ó ní yóò gbẹ kíákíá. Mọ́mì kọ̀, mo sì yìn wọ́n fún un. Láti ìbẹ̀rẹ̀ 2024 ni NAFDAC ti fòfin dè é. Bí ọmọdé bá ṣèèṣì gbé e mu, díẹ̀ lásán ti tó láti gba ẹ̀mí, kò sì sí òògùn tó ń pa oró rẹ̀. Koríko ẹnikẹ́ni kò tó bẹ́ẹ̀.

Èyí tí wọ́n fi parí rẹ̀ ni pé wọ́n fẹ́ dí ihò wọ̀nyẹn. Wọ́n ra koríko kápẹ́ẹ̀tì tó wà nínú àpò lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á lẹ́bàá títì, wọ́n ra ilẹ̀ dúdú lọ́dọ̀ onítípà, wọ́n sì ra bọ́tọ̀ màálù láti fi fún un lókun. Fún bí oṣù kan, ó rẹwà. Gbogbo ihò dí. Lẹ́yìn náà ni ibi tí wọ́n dí gan-an wá bẹ̀rẹ̀ sí í sáré ga ju gbogbo ibi yòókù lọ, pápá sì burú ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ìgbà yẹn ni wọ́n pè mí.

Bí a ṣe ka ilẹ̀

Ohun tí mo kọ́kọ́ bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí wọ́n má gé koríko náà fún ìgbà díẹ̀. Mọ́mì ò fẹ́ gbọ́. “Ọmọ mi, ṣé kí ilé mi di igbó ni? Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ń bọ̀ wá kí mi ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.” Mo ṣàlàyé fún wọn pé koríko tí a ń gé lójoojúmọ́ kò ní òdòdó, àìsí òdòdó ló sì mú kí gbogbo wọn jọra. Mo ní, “Mọ́mì, ẹ fi igun mẹ́ta péré sílẹ̀ fún mi, ẹ máa gé ìyókù.” Wọ́n gbà. A fi igi kéékèèké àti okùn pààlà igun mẹ́ta: ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ọ̀kan nínú àwọn ihò tí wọ́n dí.

Mo rìn yí pápá ká, mo sì yà á sórí ìwé. Kí n tó mọ orúkọ èpò kankan níbẹ̀ ni ìwé yẹn ti ń sọ̀rọ̀. Eléwé tó ń dán, tó dúró ṣánṣán, wà ní ibi tí omi ń dárogún nìkan. Èyí tó tẹ́ pẹrẹsẹ, tí ìdí rẹ̀ funfun, tẹ̀ lé ojú ipa táyà ọkọ̀ àti ibi tí ẹsẹ̀ kánópì wà. Èyí tó ń sáré ga wà nínú ihò tí wọ́n dí, kò sí níbòmíràn, àfi ní etí ihò náà níbi tó ti ń nà jáde. Abẹ́ igi fúrúùtù tó wà ní ẹ̀yìn kò ní nǹkan kan; koríko kápẹ́ẹ̀tì ibẹ̀ mọ́ tónítóní. Èpò mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà níbẹ̀, wọ́n sì ti ń fi òògùn kan náà lé wọn kiri.

A bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ ògiri. Mo fa ọ̀kan, mo já ewé rẹ̀ dànù, mo fi ìdí igi rẹ̀ lé Mọ́mì lọ́wọ́.

“Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ fi àtàǹpàkò àti ìka kejì yí i.”

Wọ́n yí i. Kò yí geere, ó ń kọ́ wọn níka.

“Ó ní igun.”

“Igun mélòó mà?”

Wọ́n tún yí i, wọ́n di ojú. “Mẹ́ta.”

Mo fún wọn ní ti koríko kápẹ́ẹ̀tì, ó pẹlẹbẹ. Mo fún wọn ní eéran, èpò ẹbí koríko mìíràn tí a rí fà níbẹ̀, ó roboto. Mọ́mì bojú wò mí bí olùkọ́ tí ẹ̀kọ́ yé, wọ́n pe ọmọ-ọmọ wọn kan pé kó wá yí i wò. Ohun tí ìka wọn bá pàdé ló yanjú ọ̀rọ̀ ẹ̀gbẹ́ ògiri: èpò onígun mẹ́ta kì í ṣe koríko rárá. Ìbátan òfio ni. Ewé rẹ̀ máa ń jáde ní ọ̀nà mẹ́ta láti ìdí, igi tó ru òdòdó rẹ̀ kò sì ní oríkèé bíi ti koríko.

Mo gbẹ́ ìdí rẹ̀ pẹ̀lú ọkọ́. Okùn tín-ín-rín dúdú ló jáde, kóró tẹ̀ lé kóró lórí rẹ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín. Èyí ló jẹ́ kí a mọ èyí tó jẹ́ nínú àwọn ìbátan òfio. Òfio tí a ń jẹ máa ń ní kóró kan ṣoṣo ní òpin okùn, òdòdó rẹ̀ sì máa ń pọ́n fẹ́rẹ́fẹ́. Èyí ní kóró lọ́wọ̀ọ̀wọ́, òdòdó rẹ̀ pupa dúdú, kóró rẹ̀ sì korò lẹ́nu. Cyperus rotundus ni. Ní 1977, àwọn onímọ̀ tó kó èpò gbogbo ayé jọ fi í ṣe àkọ́kọ́ nínú èyí tó burú jù lọ, ẹni tó bá sì ti bá a jà rí kò ní jiyàn. Bí a bá fà á, ewé nìkan ló ń bọ́ sí wa lọ́wọ́. Kóró tó kù nílẹ̀ á jí, ọ̀kan tí a fà lè padà di mẹ́ta. Ohun tí àwọn ọmọ-ọmọ Mọ́mì fi ìsinmi wọn ṣe nìyẹn láì mọ̀. Glyphosate náà lè sọ̀ kalẹ̀ dé kóró tó so mọ́ ewé, ṣùgbọ́n èyí tó ń sùn lórí okùn kan náà máa ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì, ọ̀rọ̀ kò pẹ́. Gbági ni, tí àwọn kan ń pè ní ẹsẹ̀ kannakánná, Eleusine indica. Ó na apá rẹ̀ sílẹ̀ yíká, ìdí rẹ̀ funfun ó sì pẹlẹbẹ, òdòdó rẹ̀ sì la ìka síta láti orí ibì kan. Gbogbo ẹni tó dàgbà nílẹ̀ Yorùbá ló ti fà á rí tí kò fẹ́ já. Ohun tó ṣe pàtàkì níbẹ̀ ni ilẹ̀. Mo fi ọ̀bẹ ìdáná gún abẹ́ igi fúrúùtù, ó wọlé dé èèkù. Mo gún ipa táyà, kò wọlé ju oríkèé ìka kan lọ. Gbòǹgbò koríko kápẹ́ẹ̀tì kò lè gba inú irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ kọjá, gbági lè gbà á. Bí a bá pa gbági tí a kò tú ilẹ̀ náà, a kàn ń palẹ̀ mọ́ fún gbági tuntun ni. Eéran tó wà níbẹ̀ kò tó nǹkan, a fọwọ́ fà á tán kó tó so.

Èyí tó jọ ọ̀rẹ́

Ihò tí wọ́n dí ló le jù. Ọkùnrin tó ń gé koríko sọ fún mi pé kò sí àjèjì kankan níbẹ̀, pé koríko kápẹ́ẹ̀tì ni, bọ́tọ̀ ló fún un lágbára. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́gbọ́n dání. Ewé náà fẹ̀, ó ń rá nílẹ̀, ó ń ta gbòǹgbò ní oríkèé. Bí èèyàn bá dúró wò ó, kápẹ́ẹ̀tì ni yóò pè é.

Ìgbà tí mo kúnlẹ̀ tì í ni mo rí ohun tó mú mi fura. Ṣóńṣó ewé koríko kápẹ́ẹ̀tì kì í mú, ó máa ń dà bí ìgbà tí èèyàn fi èékánná gé e. Ti èyí gùn, ó mú. Ewé rẹ̀ fúyẹ́, àwọ̀ rẹ̀ pọ́n díẹ̀. Okùn tó fi ń rá pupa. Bí mówà bá kọjá lórí rẹ̀, igi pupa tó kù sílẹ̀ ló ń mú kí ojú ibẹ̀ dà bí ibi tó jóná. Síbẹ̀, ewé máa ń tanni jẹ. Ìbòòji, ebi, àti bí a ṣe ń gé e lè yí àwọ̀ àti gígùn rẹ̀ padà. Mi ò fẹ́ kí wọ́n hú ìdajì pápá nítorí pé mo fura. A dúró de òdòdó.

Nígbà tó yọ, Mọ́mì ló kọ́kọ́ rí i, wọ́n pè mí lórí fóònù. Koríko kápẹ́ẹ̀tì máa ń yọ ìka tẹ́ẹ́rẹ́ méjì lórí, ọ̀kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ á sì tún wà díẹ̀ nísàlẹ̀ wọn. Èyí ní méjì péré, wọ́n jáde láti ojú kan náà, wọ́n yà sọ́tùn-ún sósì bíi lẹ́tà T. Irúgbìn rẹ̀ roboto, ó pẹlẹbẹ, ó sì ní irun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yíká etí. A rí púpọ̀ nínú wọn tó ti lẹ̀ mọ́ etí ìró Mọ́mì. Bó ṣe ń kúrò nínú ihò lọ sí àárín pápá ti hàn.

Mo fẹ́ kí ó dá mi lójú pátápátá kí a tó gbé ọkọ́. Mo mú àpẹẹrẹ méjì, koríko kápẹ́ẹ̀tì tòótọ́ àti èyí tó jọ ọ́, tòun ti gbòǹgbò, okùn, ewé àti òdòdó. Mo tò wọ́n sínú ìwé ìròyìn, mo gbé ìwé ńlá lé wọn, mo sì ń pààrọ̀ ìwé ìròyìn náà kí wọ́n má bàa bu. Mo kọ ibi tí mo ti mú wọn, ọjọ́, àwọ̀ wọn nígbà tí wọ́n ṣì tutù, àti irú ilẹ̀ tí wọ́n wà. Lẹ́yìn náà ni mo kó wọn lọ sí ilé ìpamọ́ ewéko tó wà ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ewéko, Yunifásítì Èkó ní Àkókà. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ní àpẹẹrẹ gbígbẹ tí wọ́n tò pamọ́, tí a lè fi tiwa wé. Paspalum conjugatum ni èyí tó yọ T. Láti ilẹ̀ olóoru Amẹ́ríkà ni òun àti koríko kápẹ́ẹ̀tì ti wá, àwọn méjèèjì ló fẹ́ràn ilẹ̀ tútù àti ìbòòji, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń gbé pọ̀ láì jà.

Ibo ló gbà wọlé? Díẹ̀ ṣì kù nínú bọ́tọ̀ àti ilẹ̀ dúdú tí wọ́n rà, Mọ́mì ti kó wọn sí ẹ̀yìnkùlé. Mo da ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú báálì tí a lu nídìí, a ń bomi rin wọ́n. Gbági àti eéran ló hù nínú ti bọ́tọ̀, nítorí irúgbìn koríko tí màálù jẹ lè gba inú rẹ̀ kọjá láì kú. Nínú ti ilẹ̀ dúdú, ewé onígun mẹ́ta ló yọrí. Àpò koríko nìkan ló kù. Èmi àti ọmọ Mọ́mì lọ sí ẹ̀bá títì níbi tí wọ́n ti rà á. Ẹni tó ń tà á kò fi nǹkan kan pamọ́: ó ní àwọn kì í gbìn ín, ibi tí ó bá ti hù ni àwọn ti ń hó o, ní pápá àti etí ọ̀nà. A tú àpò kan sílẹ̀ lójú rẹ̀. Okùn pupa wà láàárín okùn funfun pẹlẹbẹ ti kápẹ́ẹ̀tì, wọ́n lọ́ mọ́ra. Owó tí wọ́n ná láti wo pápá sàn ni wọ́n fi ra àìsàn tuntun wọlé.

Ohun tí a ṣe, àti bó ṣe rí

A kò lo òògùn kankan. Mi ò kórìíra òògùn. Fún ilẹ̀ tó tóbi jù èyí lọ, ìmọ̀ràn mi lè yàtọ̀. Ṣùgbọ́n pápá yìí kéré tó ohun tí ọwọ́ lè ká, ọmọ kékeré sì ń ṣeré lórí rẹ̀.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì, a gba ìjà náà kúrò lọ́wọ́ gbági. A to òkúta sí ojú ipa táyà, ọkọ̀ ní ibi tirẹ̀ báyìí. Ìyókù ilẹ̀ ibẹ̀ la fi fọ́ọ̀kì gún lọ́pọ̀ ojú, a ti yanrìn sínú ihò rẹ̀. A fi ọ̀bẹ gé gbági ní ìsàlẹ̀ ìdí funfun rẹ̀ kí ó tó yọ ìka. A tún gbé mówà sókè, kò gé kanlẹ̀ mọ́. Kí òjò ọdún náà tó kásẹ̀, gbági ti dín kù débi pé Mọ́mì fúnra wọn ló ń fà èyí tó bá yọ nígbà tí wọ́n bá ń rìn ní àárọ̀.

Ní ti ihò, a hú gbogbo ibi tí èyí tó jọ ọ̀rẹ́ wà, a sì tọ okùn rẹ̀ dé ibi tó parí sí, nítorí oríkèé kan tó bá kù lè di odidi. Ó gba sùúrù. A kó o sínú àpò, a kò dà á sí ẹ̀yìnkùlé. Koríko tí a fi dí ihò náà ni ti abẹ́ igi fúrúùtù, tí a ti mọ̀ pé ó mọ́. A gé e ní ìtàkùn kéékèèké, a gbìn wọ́n ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan síra wọn. Ó pẹ́ kó tó kún ju èyí tí wọ́n rà nínú àpò lọ. Ó kún, ó sì jẹ́ kápẹ́ẹ̀tì.

Ẹ̀gbẹ́ ògiri ni a kò tíì borí tán. A kọ́kọ́ la gọ́tà kékeré láti abẹ́ géètì gba ẹ̀gbẹ́ ilé lọ sí gọ́tà ńlá, kí omi títì má bàa dúró mọ́. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, a gbẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀ dé nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ibi tí ọ̀pọ̀ kóró rẹ̀ máa ń wà, a fi asẹ́ jọ ọ́, a sá kóró tí a rí sí oòrùn lórí páànù títí ó fi rún. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló dára fún iṣẹ́ yìí, nítorí kóró tó bá gbẹ kò lè hù mọ́. Bí a bá ṣe é nígbà òjò, gbígbìn ni a ń gbìn ín. Ó tún yọ nígbà tí òjò dé, ṣùgbọ́n ó fọ́n ká, kò ṣù mọ́. Àdéhùn wa pẹ̀lú ọkùnrin tó ń gé koríko ni pé èyí tó bá yọ, kí ó wa á kí ewé rẹ̀ tó pọ̀, kí ó má lè fi oúnjẹ ránṣẹ́ sí kóró tuntun. Ó ń ṣe é. Òun náà ti ń yí ìdí èpò láàárín ìka rẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀, ní àwọn ilé mìíràn tó ti ń ṣiṣẹ́.

Fún àwa tó ń ṣe iṣẹ́ náà

Bí oníbàárà bá pè yín pé koríko òun ti yí padà, ẹ ní kí wọ́n dá gígé dúró ní igun kan kí ẹ tó dé. Wíwò láti orí ìdúró kò tó. Ẹ kúnlẹ̀, ẹ yí ìdí rẹ̀, ẹ wo ṣóńṣó ewé, ẹ fọwọ́ ba oríkèé, ẹ gbẹ́ ọ̀kan tòun ti gbòǹgbò. Ẹ ya ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà sórí ìwé, nítorí ibi tí èpò yàn máa ń jẹ́ kí a mọ ohun tó ń ṣe ilẹ̀: omi tó dúró, ilẹ̀ tó le, tàbí nǹkan tí a fọwọ́ ara wa gbé wọlé. Fọ́tò fóònù wúlò, ṣùgbọ́n fọ́tò ewé nìkan kò lè ya koríko kápẹ́ẹ̀tì sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tó jọ ọ́. Ẹ ya òdòdó. Bí iyèméjì bá sì wà, tí owó ńlá sì wà lórí ìpinnu náà, Àkókà kò jìnnà sí ẹni tó wà ní méńlàǹdì.

Bọ́tọ̀ àti ilẹ̀ dúdú, mo máa ń da ìwọ̀n díẹ̀ nínú wọn sínú báálì, mo sì máa ń bomi rin ín kí a tó tú ìyókù sórí pápá ẹnikẹ́ni. Àwọn oníbàárà kan máa ń bínú pé mo ń fi àkókò ṣòfò. Mo máa ń fi ohun tó hù nínú báálì hàn wọ́n.

Koríko inú àpò ńkọ́? Mo máa ń tú u sórí tapólì níwájú ẹni tó ń tà á kí a tó san owó. Mo máa ń wá okùn pupa, ìdí onígun mẹ́ta, kóró dúdú tó bá gbòǹgbò wá. Ẹni tó bá kọ̀ kí n tú àpò rẹ̀, n kì í rà lọ́wọ́ rẹ̀.